Dó Tó Ga Jù

Màmá gbá irin náà mọ́ orúnkún, wọ́n fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n sì dijú. Òórùn kòkó tí a sá síwájú ilé gba gbogbo àgbàlá. Irin kékeré ẹlẹ́nu méjì ni, òun ni wọ́n fi ń mọ ohùn tí àwọn akọrin máa fi bẹ̀rẹ̀ orin. Etí ni wọ́n máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín gbọ́ ọ, torí pé etí ti ń di.

"Dóóó," wọ́n kọ ọ́. "Ṣé ó bọ́ sí i?"

"Ó ga díẹ̀, Màmá."

Ìyá bàbá mi ni. Àwọn ló ti ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà láti ìgbà tí bàbá mi ò tíì gbéyàwó. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ dó, ré, mí, fá, só, lá, tí sára ògiri pálọ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí àkàbà. "Orin ò ju nǹkan mẹ́ta lọ," wọ́n á ní. "Bó ṣe ga tó, bó ṣe pẹ́ tó, bó ṣe dún tó. Ẹni tí kò bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ariwo ló ń pa." Ẹnu wọn mú o! Bí àwọn báàsì bá fa ohùn kan jù, Màmá á ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé oorun lẹ ń sùn ni?"

Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, Màmá pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. "Àwọn kan ti ń sọ pé mo ti darúgbó jù. Bí mo bá gba ohùn tó ga jù lọ́jọ́ náà, fa aṣọ mi. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

"Ó dáa, Màmá."

Lọ́jọ́ Ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń gbọn ilẹ̀ jìgìjìgì lẹ́yìn fèrèsé, bóyá òun ló da irin náà rú mọ́ wọn lẹ́nu. Màmá kọ dó. Ó ga jù, kì í ṣe kékeré! Mo na ọwọ́, ni mo bá rí gbogbo àwọn àgbà tó ń wò wá. Ọmọdé kan á wá máa fa àgbà láṣọ níṣojú ìjọ? Mo fawọ́ sẹ́yìn. Kí orin tó dé ìlà kejì, ohùn àwọn sopuránò, àwọn tó ń kọ ohùn òkè, ti fọ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Bí a ṣe ń lọ sílé, Màmá bi mí pé, "Ṣé ohùn mi ga jù ni?"

Ẹ̀rù bà mí, àánú wọn sì ṣe mí. "Rárá, Màmá. Àwọn akọrin ni ò mọ̀ ọ́n kọ."

Wọ́n dúró lójú ọ̀nà. "Háà. A jẹ́ pé n ò kọ́ wọn dáadáa nìyẹn."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá kó àwọn baba onírùngbọ̀n síwájú ògiri, wọ́n ní kí wọ́n máa ka dó, ré, mí láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ jéléósinmi. Inú bí àwọn èèyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, títí ṣọ́ọ̀ṣì fi gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní kíbọ́ọ̀dù. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn ń tún un sọ pé àwọn fi gbogbo ọdún tí àwọn fi ń kọ́ akọrin ṣòfò ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní Òṣogbo báyìí. Bí ọmọ kan bá ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣì í, Àǹtí," mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òbí ń ráhùn pé mò ń sọ ọmọ di aláfojúdi. Irọ́ kan péré ni mo pa fún Màmá, wọ́n sì gbà mí gbọ́.