Sápà Ni, Kì í Ṣe Sàpá

Ìdòwú Ayọ̀rìndé ti kú. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni a sin ín sí Ìjan-Èkìtì, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi sin ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ọpẹ́ tí à ń rín bí arúgbó bá fọwọ́ rọrí kú. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi òkú rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Nígbà ogun abẹ́lé, ẹ̀ka àwọn ọmọ ogun tó ń ṣe afárá, tó sì ń la ọ̀nà, ni Ìdòwú wà. Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń pe ṣójà ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní sápà. Bàbá Sápà ni gbogbo wa ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ pósítà ìsìnkú kò fi àmì ohùn sí i. BABA SAPA ló kọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sàpá: kí àpò gbẹ, kí ebi sì máa bá ènìyàn ṣeré.

Olúyẹmí, ọmọkùnrin tó ń darí ètò, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Bàbá Sàpá ti lọ! Bàbá, ẹ bá wa kó sàpá Èkìtì dání o!”

Abẹ́ kánópì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: “Ẹ má gbàgbé tèmi o, Bàbá!”

Modúpẹ́, opó rẹ̀, dìde. “Olúyẹmí, ọmọ mi, orúkọ uṣẹ́ ni. Kèé ṣe orúkọ ùyà.”

Ó wo ẹnu géètì. Ohun kan ṣoṣo ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹnì kan tó wọ aṣọ ológun wá dúró létí sàréè, kó sọ fún ìlú ohun tí ọkọ òun ṣe. Kò sí ẹnì kankan ní géètì. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba alágbádá gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ogun?

Iṣẹ́ wo ni àwọn sápà ń ṣe? Wọ́n pín in láàárín ara wọn: àwọn kan ń hú bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀, àwọn kan ń to afárá onírin, àwọn mìíràn ń wá omi tí ọmọ ogun yóò mu. Àwọn ni í ṣáájú oníbọn lọ, àwọn ni í sì kẹ́yìn bọ̀, nítorí ta ni yóò tú afárá bí gbogbo ènìyàn bá ti kọjá? Wọn kì í sì í dúró lójú kan. Ẹgbẹ́ ogun tó bá nílò wọn ni wọ́n ń yá wọn fún, bí ẹni yá ọkọ́ aládùúgbò.

Ogun náà kò kúrò lára rẹ̀. Bí a bá gun ọ̀kadà láti Adó, tí a dé orí afárá, á sọ̀ kalẹ̀, á fi gìgísẹ̀ janlẹ̀, á tẹ́tí.

Ọlọ́kadà á ní, “Bàbá, afárá yìí ti wà kí wọ́n tó bí mi o!”

“Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kí i. Àgbà ni.”

Kó tó kọ ebè, á kọ́kọ́ fi igi tín-ín-rín gún ilẹ̀, jẹ́jẹ́, ní ìdagẹ̀rẹ̀. Modúpẹ́ á ní, “Ìjan la wà o, ọkọ mi.” Òun á dáhùn pé, “Ilẹ̀ kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Dúpẹ́.”

Ọkùnrin yìí ni ẹ̀yin ọ̀gá ológun kọ̀ láti wá sin. Dámilọ́lá, ọmọ rẹ̀, pè yín kí ìsìnkú tó dé. Mo wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lójú ogun ní, “Wọn kì í ṣe tiwa, a yá wọn lò ni.” Ẹ̀ka tó ti wá ní, “Ọ̀dọ̀ àwọn tó yá a ló ti jagun, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn.” Ó mà dára o! Ẹ jọ lò ó títí, ẹ wá ń ju òkú rẹ̀ síra yín bíi bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín ń gun afárá tó tò, ṣé ẹ bèèrè pé ti ta ni? Ẹyẹlé tí ẹ ń jù sókè lọ́dọọdún ní ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ta ni ẹ ń jù ú fún?

Wọ́n ní mo máa ń dààmú jù. Bóyá. Ṣùgbọ́n àwọn sápà mìíràn ṣì wà láàyè ní Ìgèdè àti ní Adó níhìn-ín, arúgbó bí èmi. Ṣé ẹ̀rín ni a ó fi sin àwọn náà?

Kí ọ̀gá ẹgbẹ́ tó yá a lò àti ọ̀gá ẹ̀ka tó yá a jáde jọ wá sí Ìjan, pẹ̀lú àsíá. Kí wọ́n dúró níwájú Modúpẹ́, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe ọkọ rẹ̀ ní Sápà, kí Olúyẹmí náà wà níbẹ̀ kó gbọ́. Kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n má wá.

Mo ti fi bírò fi àmì ohùn sí pósítà tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n òjò ti ń ṣú. Ẹ yára.