Ìdajì Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Wọ Mùṣín

Láàárọ̀ àná, ohùn dókítà kan jáde látinú fóònù ọmọ-ọmọ mi. Ìṣẹ́jú kan péré ló fi ṣàlàyé ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ikú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní ká fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Inú bí mi débi pé tíì mi tutù sọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á rò pé arúgbó ń kanra lásán ni. Ẹ jókòó. Láti kékeré ni mo ti mọ irú ohùn yẹn.

Láàárín àwọn ọdún 1950, à ń gbé ní Mùṣín, nínú ilé kan tí yàrá dojú kọ yàrá. Ìkòkò omi kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀, tonílé tàlejò ló ń fi í mumi. Yàrá tó kángun sí tiwa ni Sàfúrátù ọ̀rẹ́ mi àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Opó ni ìyá Sàfú, iṣẹ́ tìmùtìmù ló sì ń ṣe. Yóò tú òwú àràbà sílẹ̀, yóò máa fi ọ̀pá nà án kó lè wú, yóò wá fi kún inú aṣọ. Òwú a máa fò kiri bí ìyẹ́, àwa ọmọdé a sáré lé e, a ó sì wọlé pẹ̀lú orí funfun bí àgbàlagbà. Ìyá Sàfú a máa wúkọ́. Kò sẹ́ni tó ka ikọ́ náà sí. Ó ti di ara ariwo ilé, bí ìró òòlù káfíńtà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé wá sí ilé-ìwé wa ní Yábàá, ó ní òun fẹ́ fi sáyẹ́ǹsì ye mẹ̀kúnnù. Kóòtù onípele mẹ́ta ló wọ̀, nínú ooru tí ewúrẹ́ gan-an ń wá ibòji. Ká má parọ́, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ṣàlàyé kòkòrò àìfojúrí inú omi, ó ní ká máa se omi ká tó mu ún. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi, ó sì gbà. Láti ọjọ́ náà ni ìgbẹ́ gbuuru tó ń gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Oore ńlá nìyẹn, mi ò sì ní sẹ́ ẹ láé.

Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti ń pa ọ̀gbẹ́ni bí ọtí. Ó bọ́ sórí ikọ́ ife. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Èémí tí o fà símú yẹn, ta ló kọ́kọ́ mí i?" Gbogbo wa di imú mú. Kò sọ pé oríṣiríṣi ni ikọ́. Kò sọ pé oògùn ikọ́ ife ti wà nílé ìwòsàn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gba òdòdó, ó wọ mọ́tò lọ.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wọ Mùṣín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo dúró láàárín ilé, mo rẹ ohùn sílẹ̀ bíi tirẹ̀, èmi náà sì gba àtẹ́wọ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti so okùn pupa mọ́ kọ́ọ̀bù mìíràn fún ìyá Sàfú nìkan. Ìyá mi ní kí n má bá Sàfú ṣeré mọ́. Ìyá Sàfú pè mí, kò pariwo.

"Tísà mi, ṣé o rí kòkòrò náà lẹ́nu mi ni?"

"Kò ṣé é fojú rí, mà."

Mo ṣì ń fi ìdáhùn yẹn yangàn lọ́jọ́ tí bàbá onílé ní kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìyá Sàfú bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí òun fi lọ ṣe àyẹ̀wò.

"Ẹ má bínú, ìyá Sàfú," ni bàbá onílé wí. "Àwọn tó kàwé ló sọ ọ́, èmi kọ́."

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwáyà ló kó lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ó mú ìwé ilé ìwòsàn wá: wọ́n ti ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, kò ní ikọ́ ife. Eruku òwú ni. Kó máa fi aṣọ bo imú bó bá ń ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n ka ìwé náà fún gbogbo ilé. Mo kà á. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ayálégbé tuntun ti wà nínú yàrá rẹ̀. Sàfú dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò wò mí.

Èmi náà ka sáyẹ́ǹsì títí wọ́n fi dé mi ní fìlà ní yunifásítì. Mi ò ní kí àwọn onímọ̀ panu mọ́; ìmọ̀ tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá kò lè wo àbúrò ẹnikẹ́ni sàn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó wá dẹ́rù bà wá kò padà wá gbọ́ ìbéèrè wa. Mùṣín ti yí padà: ilé wa ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fóòmù ni gbogbo ayé ń sùn lé. Bí a ṣe ń yára lé aládùúgbò jáde nítorí ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ tán, ìyẹn nìkan ni kò yí padà.

Bí Sàfúrátù bá wà láyé, yóò ti di ìyá àgbà. Mi ò mọ ohun tó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa àwa tí a kàwé.