Iṣẹ́ Ọmọ Mi Lẹ́nu Ọ̀gá Rẹ̀

Yàrá kọ̀mpútà ibi iṣẹ́ ọmọ mi obìnrin máa ń tutù, òórùn kápẹ́ẹ̀tì tuntun àti wáyà tó gbóná ló sì máa ń wà níbẹ̀. Nítòsí Kútò ni ilé iṣẹ́ náà wà, láyé ìgbà tí kọ̀mpútà kan ṣoṣo ń gba odidi yàrá. Ìsinmi ìbímọ ọmọ mi ti parí, n kò sì fẹ́ kí ọmọ tuntun máa mu mílíìkì inú agolo nígbà tí ọmú ìyá rẹ̀ kún. Mo ń pọ̀n ọ́n láti Láfẹ́nwá lọ bá a lójoojúmọ́. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí. Òun á fún ọmọ lọ́mú, á sì máa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi.

Ó ní bí àwọn bá fẹ́ rán kọ̀mpútà níṣẹ́, ńṣe ló dà bí ẹni tó to abọ́ sílẹ̀. Àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ fún un pé nọ́ńbà làwọn máa bù sínú abọ́ yìí, ọ̀rọ̀ làwọn máa bù sí tọ̀hún. Bí wọ́n bá gbàgbé ẹyọ kan, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́. Ọmọ mi wá kọ àṣẹ kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní màkírò, tó ń wo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bù sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fúnra rẹ̀ kọ irú ohun tó jẹ́. Mo ní, "Ẹni tó lójú, tó rí ẹ̀wà nínú abọ́, ṣé ó tún yẹ kí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀wà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, Màámi."

Ọ̀gá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ojú mi ló ṣe nígbà tó sọ fún ọmọ mi pé, "Ìyá ọlọ́mọ, ọ̀lẹ lo fẹ́ kọ́ kọ̀mpútà." Mo gbé e mì. Ọmọ mi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, títí gbogbo wọn fi ń lo màkírò náà, ọ̀gá pẹ̀lú.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá àgbà wá láti Èkó láti yan ẹni tí yóò máa darí yàrá tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí. Ọ̀gá yìí ń wá ipò náà, ọmọ mi náà sì ń wá a. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, ọmọ lẹ́yìn mi, tí mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń fi màkírò hàn wọ́n: "Mo ro ó báyìí, mo ṣe é báyìí." Ọ̀kan nínú àwọn àlejò kọjú sí ọmọ mi, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe níbẹ̀?" Kó tó la ẹnu, ọ̀gá ti fèsì: "Òun ló ń bá wa tẹ̀ ẹ́." Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Àgbà ni, a kì í sì í pe àgbà ní onírọ́ níwájú àlejò nílé tiwa.

Èmi ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí. Mo wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkọ mi." Gbogbo wọn tẹ̀ ba, ọ̀gá pàápàá fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀lẹ tí ẹ ní ọmọ mi fẹ́ kọ́ kọ̀mpútà níjọ́sí, ìgbà wo ló di tiyín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, iṣẹ́ gbogbo wa ni." Ẹ gbọ́ ná: gbogbo wa! Àwọn àlejò bá a rẹ́rìn-ín, ọ̀kan tilẹ̀ ní kí n gbé ọmọ kúrò nínú òtútù. Ọ̀gá náà ni wọ́n fún nípò.

Bí a ṣe ń dúró de mọ́tò, ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ dójú tì mí. Àgbà ni."

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o kúnlẹ̀ kí àgbà. Ta ló kọ́ ọ pé kí o gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ fún un nígbà tí o wà nílẹ̀ níbẹ̀?"

Inú ṣì ń bí mi dòní, n kò sì bẹ̀ ẹ́ kó rọ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ bí a ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n dìde lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ṣe, kí ó dún létí àgbà náà. Àgbà tó bá pè é ní àfojúdi, kó wá bá mi nílé.