Apá Tí Mo Fò Nínú Ewì Ẹkún

Nísinsìnyí tí ara ti tù mí, mo lè fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Ní ìjọ wa l'Ájárá, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á kà á ní Yorùbá, ẹlòmíràn á tún un kà ní Ègùn. Ẹsẹ tí ẹni àkọ́kọ́ bá kà gan-an ni ẹnì kejì gbọ́dọ̀ kà, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Èmi ni mo ń ka ti Yorùbá. Màmá mi ló ń ka ti Ègùn láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé girama, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún tó kọjá, òkun gbé àbúrò mi lọ. Géńdé ọkùnrin ni, apẹja. Ọjọ́ kẹta làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí òkú rẹ̀. Àwọn àgbà ò jẹ́ kí màmá mi dé ibi tí a sin ín sí, torí òbí kì í rí ibojì ọmọ. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló sì ń sọ ohun kan náà: "Ẹ má sunkún o, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Màmá mi ò sì sunkún. Oṣù márùn-ún gbáko, omijé kan ò bọ́ lójú wọn. Wọn kì í gbàdúrà mọ́ nílé, oúnjẹ wọn ò ju ṣíbí mẹ́ta lọ, gbogbo aṣọ wọn ti tóbi jù wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní pẹ́ tẹ̀ lé ọmọ wọn.

Ìgbà náà ni àlùfáà wa pè mí pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yóò wá láti inú ewì tí àwọn Hébérù ayé àtijọ́ fi sunkún ìlú wọn tí ogun pa run. Mo kà á nílé mi ní Mórógbò, àyà mi já. Akéwì náà ò fi epo bọ iyọ̀ rárá. Ó ní kì í ṣe ọ̀tá ló ba ayé òun jẹ́, Ọlọ́run ni. Ó ní ìdájọ́ ni, pé Ọlọ́run tilẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ àdúrà òun. Ọ̀rọ̀ àánú wà níbẹ̀, ó sì dùn, àmọ́ àárín gbùngbùn ló wà. Ènìyàn gbọ́dọ̀ la gbogbo ìbínú yẹn kọjá kó tó débẹ̀.

Èmi ọlọ́gbọ́n bá jókòó, mo gé e. Mo ní ibi àánú nìkan la ó kà. Bí ẹni ń yọ egungun ẹja fún ọmọ kékeré ni mo ṣe é, orí mi sì wú. Mo pe màmá mi, mo sọ ẹsẹ tí a ó kà fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ka tèmi, mo ní ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà parí sí, mo lọ jókòó. Màmá mi dìde, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣìnà ni. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé wọn ò ṣìnà. Ẹsẹ kan ń tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo ẹ̀sùn tí akéwì náà fi kan Ọlọ́run ni wọ́n ń kà pẹ̀lú ohùn líle. Àlùfáà ń wo ìwé, ó ń wò mí. 

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn já. Omijé tó ti há láti oṣù márùn-ún dà sílẹ̀. Ìyá ìjọ sáré dìde: "Ó tó, màmá, ẹ má sunkún mọ́."

Màmá mi na ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kí n kà á tán."

Wọ́n fi ẹkún ka àánú náà tán.

Nígbà tí a délé, mo béèrè ìdí tí wọn ò fi tẹ̀ lé ibi tí mo mú.

"Ovi ṣie," bí wọ́n ti ń pe ọmọ wọn ní Ègùn nìyẹn, "o fẹ́ kí n gba àánú lọ́wọ́ ẹni tí mi ò tíì bá jà. Ọkùnrin inú ewì yẹn bá Ọlọ́run jà lójúkojú, Ọlọ́run ò pa á. Èmi náà wá rí i pé mo lè sọ tèmi." Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Láàárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò rẹ lọ, mo ní òkun ń ru, ó ní kò sí nǹkan. Inú bí mi. Mo ní, 'Máa lọ, òkun á kọ́ ẹ lọ́gbọ́n.' Ọlọ́run gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Èmi ló ń dá lẹ́jọ́ tó fi mú un lọ."

 Ohun kan wà tí èmi náà fi pamọ́, torí mo rò pé yóò dun ìyá mi jù.

"Màámi, ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kó tó wọkọ̀. Ó ní, 'Ìyá yín tún ti fi òkun halẹ̀ mọ́ mi o! Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹja tó bá tóbi jù ni màá fi bẹ̀ wọ́n tí mo bá dé.'"

"Ó ń bínú?"

"Ẹ̀rín ló ń rín, Màámi. Ẹ̀rín yẹn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga. "Bí ọmọ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí bá lè fi rẹ́rìn-ín," wọ́n ní, "Ọlọ́run ò níí le sí mi jù ú lọ."