Ìṣó Tí Wọ́n Ní Kí Bàbá Oníhámà Yọ

Wọ́n ní Bàbá Oníhámà ti padà di ọmọdé. Wọ́n ní ó ń rákòrò nílẹ̀ pálọ̀, ó ń bá ọkọ̀ ojú irin tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ sọ̀rọ̀. Àwa tí a gbọ́ gbà á gbọ́ díẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì wá. A tilẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà.

Orí bàbá pé ju tiwa lọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rìn lórí irin rélùwéè pẹ̀lú hámà lọ́wọ́, tó ń kan ìṣó kọ̀ọ̀kan wò. Ìṣó kan tí kò sí níbi tó yẹ, ẹ̀mí èèyàn ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ojú irin wọn ní kékeré, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè rí ohun tí wọ́n fi ayé wọn ṣe. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ga ló yàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti tòótọ́ ṣe rí. Ìṣó wẹ́wẹ́ ló fi kàn án mọ́ pákó, méjì nínú irin, méjì níta rẹ̀, oṣù méje gbáko.

"Ẹ má ra ẹsẹ̀ ọkọ̀ o," ó kìlọ̀, "àfi tí mo bá kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ètè rẹ̀, etí tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú irin, gbọ́dọ̀ kúrú fún irin yìí."

Alága ẹgbẹ́, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá, tí kò kúrò nídìí tábìlì ọ́fíìsì títí tó fi fẹ̀yìn tì, lọ ra èyí tó wù ú. Ó ń dán gbinrin. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n gbé ọkọ̀ lé irin lórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Kó-kó-kó, ètè ẹsẹ̀ ń gbá orí ìṣó. Kò rìn ju ìdajì tábìlì lọ tó fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin yín ni kò dáa," ni Alága wí. "Ẹni tó tà á ní kò sí irin tí kò lè gbà."

"Ṣé ó rí irin mi ni? Wo ètè ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó tìrẹ."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn àlejò ń bọ̀ wá wò ó."

"Dá a padà. Gba elétè kúkúrú."

"Kí ló wá le níbẹ̀? Ẹ ṣáà yọ àwọn ìṣó tó wà nínú. Ti ìta á dì í mú. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wò ó?"

Bàbá gbé ọkọ̀ náà dìde, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló máa wò ó. Èsì tí o fún mi láti ọ́fíìsì nìyẹn, lọ́dún tí ọkọ̀ já sí kòtò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí ọ pé ìṣó ti yọ. Èmi ni mo lọ bá ìyàwó awakọ̀ tó kú nílé, ìwọ kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti pẹ́. Nǹkan ìṣeré lèyí, ẹ má jẹ́ ká…"

Ẹ̀mú kan ṣoṣo ló wà nínú gbọ̀ngàn tó lè yọ ìṣó wẹ́wẹ́. Bàbá mú un, ó tì í bọ àpò, ó sì dé fìlà rẹ̀.

"Mò ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ o," Alága ń wí, "ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo…"

Bàbá ti dé orí àtẹ̀gùn.