Ẹ̀yìn Fọ́tò Ìyá Mi

Nígbà tí mo kéré, tí n kò tíì lè kọ ebè kan tán kí oòrùn tó mú, fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nílé wa ní Kambolé. Ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jà. Ọjọ́ ọjà Tchamba ni ayàfọ́tò kan tó ti Sokodé wá yà á, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ mira. Ìyá mi kò tilẹ̀ mí. Bàbá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí: “Ìyáa wọn, èémí tí o dá dúró ní Tchamba, ṣé o ti mí in báyìí?”

Ẹ má rò pé ara ògiri ni a gbé e kọ́ o. Ààfáà àdúgbò wa kò fẹ́ àwòrán ènìyàn nínú ilé tí a ti ń kírun, nítorí náà ìyá mi fi aṣọ wé e, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú àpótí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe di ojú nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá mi a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ ọmọ tuntun síbẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀wé. Yóò ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà tí bàbá fi ń kọ̀wé, yóò tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Orúkọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àtàǹpàkò jẹ́ méje. Èyí tí kò lórúkọ ni ti ọmọ tó kú kí ọjọ́ orúkọ tó pé. Kò sí ìwé mìíràn láyé tó jẹ́rìí pé wọ́n bí ọmọ náà. Láti ìgbà tí àwọn òbí wa ti kú, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Àdúgbò Komah ní Sokodé ni èmi àti àbúrò mi obìnrin ń gbé báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí wọ́n ti ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun kó tó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní inú àpótí tí kì í gba ọ̀rinrin ni àwọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí, ọwọ́ lásán kò sì ní kàn án mọ́. Àwa yóò gba ẹ̀dà.

“Bàbá, ẹ̀dà náà á mọ́ ju èyí lọ. Ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀.”

Àbúrò mi dá sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún wọn jàre. Ikán ti jẹ etí rẹ̀. Àbí ẹ̀yin àti ikán lẹ jọ fẹ́ pín in?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo lọ sí yunifásítì nígbà kan rí, mo mọ̀ pé bébà kì í pẹ́ láyé. Mo wo èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti yà sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú ìyá mi mọ́ kedere. Mo ní kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Kò yà á.

“Ọmọ mi,” ni mo wí, “bí ẹ̀dà bá dáa tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ẹ gbé ẹ̀dà lọ.”

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà tún bẹ̀ mí, mo ní rárá. Mo ní kó ya iwájú, kó ya ẹ̀yìn, kó sì sọ fún àwọn tó bá wá wò ó pé ìwé ìyá kan ní Kambolé ni, ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹgbẹ̀rún fọ́tò wà nínú fóònù yín, kò sí ọ̀kan tó ní ẹ̀yìn. N kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọwọ́ lásán yóò ba ohun tí ọwọ́ lásán ṣe jẹ́. Mo ti ra àpótí páànù tí ikán kò lè jẹ. Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, a sọ ọmọ-ọmọ àbúrò mi lórúkọ. Mo kọ orúkọ náà sábẹ́ tiwa. Ìyá ọmọ náà, tó mọ̀wé jù mí lọ, ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àyè ọmọ mẹ́ta ṣì kù níbẹ̀.