Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Lẹ́tà Kẹfà

Òtútù ni ohun àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà mú wọ ọ́fíìsì wa. Ọdún márùn-ún gbáko ni èmi àti àwọn akọ̀wé mẹ́ta yòókù fi ń làágùn nínú yàrá àkọsílẹ̀ ní bárékè kan ní Benin, tí à ń fi páálí fẹ́ ara wa, tí a sì ń kọ̀wé béèrè fáànù kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò dá wa lóhùn lé e lórí. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ń bọ̀, wọ́n lu ògiri, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù méjì sí i, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n sì ní kí a máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú oṣù kẹta, tí oòrùn Benin ń yan páànù lórí ilé, súwẹ́tà ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ náà irú ojú tí ìjọba fi ń wo ènìyàn àti irú èyí tí ó fi ń wo ẹrù tí ó rà.

Sójà ló ń ṣe ìjọba nígbà náà, kò sì tíì sí fóònù alágbèéká. Alágbádá ni èmi, akọ̀wé tí kì í wọ aṣọ ológun, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ọkọ mi ń tún mọ́tò ṣe ní Airport Road, Oregbeni là ń gbé. Iṣẹ́ mi ni káàdì. Gbogbo sójà tó wà lábẹ́ ọ́fíìsì wa ló ní káàdì kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, orúkọ ìyàwó àti ọmọ, àti ẹni tí a ó ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe é. Bí sójà bá kú, èmi ni mo ń fi bírò pupa fa ìlà sórí káàdì rẹ̀ kí ìròyìn tó kúrò ní ọ́fíìsì. Kò sí ìyàwó sójà kan ní bárékè tí kò mọ̀ nípa ìlà pupa yẹn.

Àṣẹ wá láti Àbújá pé kí gbogbo bárékè kó àkọsílẹ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà, ìgbìmọ̀ kan yóò sì máa yípo láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ìjọba ra ń ṣiṣẹ́. Sójà ló ra ẹ̀rọ, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ló tà á, sójà náà ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin tí wọ́n rán láti Èkó láti kọ́ wa wọ táì, ó ń ta sánsán. Nígbà tí mo tẹ orúkọ àkọ́kọ́, lẹ́tà keje kọ̀, kò wọlé. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó rẹ́rìn-ín. “Madam, no wound the keyboard. Wetin e carry, na im e carry.”

Ìdí oúnjẹ ọ̀sán ló ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún wa bí ẹni ń pa àwàdà: ilé ìtajà bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ètò inú ẹ̀rọ náà fún. Àmì ara páálí bàtà kì í ju mẹ́fà lọ, nítorí náà àyè mẹ́fà ni ẹ̀rọ ní. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tiwa wo ilé bàtà, wọ́n sì fi sọ ènìyàn lórúkọ. Olúwaṣeun, Olúwaṣẹ́gun àti Olúwasànmí, OLUWAS ni gbogbo wọn. Osarenkhoe àti Osarenren di OSAREN. Gbogbo Chukwuma àti Chukwuemeka tó wà lábẹ́ wa di CHUKWU, Ọlọ́run ọ̀run ní èdè Ìgbò, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá wa. Méjọ̀ ni ipò rẹ̀, ọkùnrin tí ń fi áńkáṣíìfù nu bàtà rẹ̀ bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ńbà ni sójà ń jẹ́, orúkọ kò ṣe pàtàkì. Mo ní, “Yes, sà.” Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo sì fi oṣù mẹ́ta rẹ́ orúkọ ènìyàn bí ẹní ń rẹ́ ilá. Kí n má parọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá, wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ọrùn mi sì ti ń gùn ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

Wọ́n wá sọ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ohun méjì ni ọ̀gá wa ṣe. Ìwé àṣẹ sọ pé ibi tí bébà bá ṣì wà, ẹ̀rọ kò tíì gba iṣẹ́, nítorí náà ó ní kí a da gbogbo káàdì sínú àpò ìrẹsì kí a lè sun wọ́n lójú àwọn àlejò. Àpò mẹ́rìnlá ló kún, wọ́n kó wọn sẹ́yìn ilé ìdáná. Èkejì, ó fẹ́ kí ẹ̀rọ ní iṣẹ́ kan tó ti ṣe tí a lè fi hàn. Ó ní kó tẹ ìwé sí ìyàwó gbogbo àwọn sójà wa tó wà lójú ogun ní Làìbéríà, kí wọ́n wá pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù méjì kí a lè ṣe káàdì ọsibítù tuntun fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà. Orúkọ ọkọ wà lókè rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà ni télọ̀ tó ń rán aṣọ fún wa, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó lóyún oṣù méje. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó máa ń ka Bíbélì Yorùbá láìṣìṣe. Ọjọ́ Ajé ni ìwé dé ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó láti òkè. Orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ kúrú, ó wọlé tán, ó sì kà á bó ṣe yẹ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni AKINKU.

Akínkúnlé ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, Akin ló ń pè é nílé. Akin kún ilé. Ẹ̀rọ yọ N, ó yọ L, ó yọ E. Ilé lọ, kíkún lọ, ikú ló kù. Àwọn tó sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwọn tó rà á lọ. Obìnrin náà figbe ta. Ìyàwó ará Edo kan tí ilé wọn kangun síra gba ìwé náà, ó kà á, ó ní, “Dem say make you come office with two passport.” Ìyẹn ló parí rẹ̀. Ta ni wọ́n ń pè pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù méjì ní bárékè bí kò ṣe opó?

Sójà tó pín àwọn ìwé náà ló wá sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń rẹ́rìn-ín. “Your machine don kill person o.” Mo lọ bá ọ̀gá wa. Ó bi mí bóyá ìwé wa sọ pé ọkùnrin náà kú. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá kàn wá níbẹ̀, kí obìnrin náà lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá, òun yóò wò ó.

Mo lọ sílé télọ̀ náà ní ọ̀sán. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó ti tú irun rẹ̀, kò tíì jẹun láti àná. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá mú un lọ sílé.

“Àbúrò, jókòó,” ni ó wí. “Wọ́n rán ẹ wá, àbí?”

“Wọn ò rán mi, Àǹtí Télọ̀. Ọkọ yín ò kú.”

Ìyá arúgbó kan tó di ọwọ́ rẹ̀ mú pòṣé. “Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí tèmi kú, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ pé ó wà ní ọsibítù. Wọ́n tilẹ̀ ní ó ń béèrè ẹ̀kọ!”

Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ, mo ṣàlàyé bàtà, mo ṣàlàyé lẹ́tà mẹ́fà. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú rẹ̀ ń ṣú sí i. Nínú àṣà wa, ta ni kì í parọ́ níbi tí a ti ń túfọ̀? Gbogbo ohun tí mo sọ dà bí irọ́ tí à ń fi rọ ọ̀fọ̀ sí ènìyàn létí díẹ̀díẹ̀, n kò sì rí ẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó wò mí.

“Káàdì rẹ̀ dà? Ẹ fi hàn mí. Bí kò bá sí pupa lórí rẹ̀, màá dìde nílẹ̀.”

Mo padà sí ọ́fíìsì. Mo sọ fún sójà tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná pé bírò mi bọ́ sínú àpò. Ó ní kí n máa wá a, òun kò ní bá mi wá a. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tú àpò àkọ́kọ́, aáyán ń gùn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí káàdì náà, mo tì í sínú búláùsì mi. Ẹ̀wọ̀n wà fún ẹni tó bá mú ìwé ológun jáde, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, èmi ni mo tẹ òfin náà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Obìnrin náà gbà á. Ó fi ìka tọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀, láti A dé E, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn. Ó gbé e sójú fèrèsé bóyá ìmọ́lẹ̀ lè fi ohun tí mo pamọ́ hàn án.

“Kò sí pupa,” ni ó sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ bá mi gbé oúnjẹ wá.”

Mo na ọwọ́ kí n gba káàdì. Ó tì í sábẹ́ itan. “Èyí? Kò lọ mọ́. Ẹ máa gbé ẹ̀rọ yín lọ.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin mẹ́rin dé láti Àbújá. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n yin òtútù. Olórí wọn, Yorùbá bíi tèmi, di fọ́ọ̀mù mú. Ó bi ọ̀gá wa bóyá ẹ̀rọ náà ń gba orúkọ. Ọ̀gá wa ní bẹ́ẹ̀ ni.

N kò mọ ohun tó là mí lẹ́nu. “Ó ń gbà á, sà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe gbà á kọ́ ló ń dá a padà.”

Ó yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́ bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. “Àǹtí, ṣé ó ń gbà á ni àbí kò gbà á?”

“Ó ń gbà á, sà.”

“Ẹ ṣeun.” Ó fi àmì sí i. “Ti ìdápadà yẹn, kò sí lórí fọ́ọ̀mù.”

Ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù ni iye káàdì. Ní ti ìyẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Àgbàlagbà mẹ́rin jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n ń ka káàdì, wọ́n ń fi í wé iye tó wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan dín. Wọ́n da epo kẹrosíìnì sí ìyókù, wọ́n ṣáná sí i. Nígbà tí ìwé ìgbìmọ̀ náà jáde, àléébù kan ṣoṣo ni wọ́n rí ní ọ́fíìsì wa: káàdì kan sọnù. Wọ́n yin ẹ̀rọ.

Ẹni tó ṣọ́ ilé ìdáná sọ pé èmi ló wá bírò. Kúẹ́rì, ìwé ẹ̀sùn, dé. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, a sì ti kó orúkọ àwa òṣìṣẹ́ náà sínú rẹ̀. Orúkọ bàbá mi gùn, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n kọ sí mi. Mo kà á tán, mo sì kọ èsì sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yìí ní ọ́fíìsì yìí. Mo dá a padà. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ wá, mo tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá wa pè mí, ó gbọn ìwé náà lójú mi, ó ní mo mọ̀ dájú pé èmi ni. Mo ní kí ó bá mi fi bírò kọ ìyókù rẹ̀ sí i, kí ó sì kọ ìdí tí ẹ̀rọ kò fi lè kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu bàtà rẹ̀. Kò kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ní ìparí ọdún náà, mo fi ẹsẹ̀ ara mi jáde, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ugbor, níbi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ iléèwé gíga tẹ iṣẹ́ wọn.

Ọkọ télọ̀ náà padà dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ ti ń rá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa ní Oregbeni. Ó ní bí àwọn ẹgbẹ́ òun bá rí òun báyìí, wọn a ní, “Akin kú!” òun náà a sì dáhùn pé, “Sà!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n fi ojú sunkún ọmọ. Mo ṣe àmín.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò sọ pé ìjọba yan ìgbìmọ̀ tuntun láti ṣàbójútó ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà fún àwọn ológun. Mo yí i pa, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Bí mo bá sọ ìtàn yìí, àwọn ènìyàn a máa yìn mí, wọn a ní mo láyà. N kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ iye àpò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yẹn, mo sì mọ ohun tó wà nínú wọn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dà á sí i. Káàdì tí mo wá wá ni mo mú, mo sì di ẹnu àpò padà dáadáa bí mo ṣe bá a. Nígbà tí wọ́n ṣáná sí wọn, mo dúró sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọn sójà tó kù nínú àpò wọ̀nyẹn náà ní ìyàwó.